Ohun Èlò Ọ̀dà Olómi fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ewé àti òdòdó ní oríṣiríṣi àwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí ohun tí àwọn òbí máa ń bi wá: kí ni kí a rà fún ọmọ tí ó fẹ́ máa fi ọ̀dà olómi ṣe ọ̀ṣọ́ yí ìwé Lárúbáwá rẹ̀ ká, tàbí tí ó fẹ́ máa ya igi àti òdòdó? Ọ̀dà olómi ni èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní wọ́tà-kọ́lọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ó ṣíwájú ọjà lílọ. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé àwòrán yíyà lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ lọ́rùn. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé ayàwòrán kan tọ Ibn Abbas lọ (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ó sì gbà á nímọ̀ràn pé bí kò bá lè ṣe kó má yà, kí ó ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Orí èyí ni àwa dúró sí. Ewé, òdòdó, òkè, ilé àti ọnà tí a fi rúlà àti kọ́ńpáàsì fà tó ọmọ í yà títí yóò fi dàgbà.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ibn al-Bawwab, ọ̀gá nínú ìkọ̀wé, kọ Kùránì kan ní ìlú Bagidádì ní ọdún 391 Hijira (1000–1001). Ó wà títí di òní ní ilé àkójọ Chester Beatty ní ìlú Dublin, ọ̀ṣọ́ aláwọ̀ mèremère sì wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni àwọn àáfà ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń fi tàdáwà dúdú kọ ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi pupa kọ àmì ohùn, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀ ìyeyè sàmì sí hámúsà.

Kí ọmọ kéwú má ṣe bẹ̀rù ọ̀dà yìí, nítorí ọmọ ìyá ni òun àti tàdáwà. Ohun dúdú tí èéfín ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, omi, àti oje igi ẹlẹ́gùn-ún tí a ń pè ní gọ́ọ̀mù Lárúbáwá ni a fi ń ṣe tàdáwà àtijọ́. Gọ́ọ̀mù yẹn kan náà ni a fi ń po ọ̀dà olómi. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ó wá ku ohun tí a ó rà. Mẹ́rin péré ni.

(1) ÌWÉ. Òun ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ìwé tí a fi ń ṣe ẹ̀dà jẹ́ gíráàmù 80. Bí omi bá ti kàn án, yóò ká kò, yóò sì máa bó. Ìwé gíráàmù 300 ni ó dára jù. Gíráàmù yìí ni ìwọ̀n abala kan tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Èyí tí a fi òwú ṣe ni ó lágbára jù lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyí tí a fi igi ṣe tó fún akọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra abala ńlá, kí ẹ gé e sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá rí gíráàmù 200 nìkan, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ pákó kí ó má baà ká.

(2) Ọ̀DÀ. Àwọ̀ mẹ́ta tó: pupa, ìyeyè àti aró. Ìyeyè àti aró a di àwọ̀ ewé. Pupa àti ìyeyè a di àwọ̀ ọsàn. Pupa àti aró a di èsè àlùkò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ a di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ má ra funfun, nítorí ìwé fúnra rẹ̀ ni funfun. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ fúyẹ́, ẹ fi omi kún un. Láti mọ ojúlówó, ẹ fà á kọjá lórí ìlà dúdú tí ó ti gbẹ. Bí ìlà náà bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà olómi ni. Bí ó bá bò ó mọ́lẹ̀, oríṣi mìíràn ni. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù gbẹ nínú àwo kò ṣòfò. Omi díẹ̀ yóò jí i.

(3) BÚRỌ́Ọ̀ṢÌ. Méjì tó: nọ́ńbà 8 fún ibi gbòòrò, nọ́ńbà 2 fún ibi tín-ín-rín. Kí orí rẹ̀ rí roboto, kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí irun rẹ̀ bá kóra jọ sí ẹnu kan, ó dára. Ẹ̀yin òbí, ẹ kíyè sí èyí: irun ẹlẹ́dẹ̀ ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú búrọ́ọ̀ṣì líle tí àwọn tó ń lo ọ̀dà elépo ń rà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni tiwa. Èyí tí a fi náílọ́ọ̀nù ṣe dára, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní iyèméjì nínú.

(4) OHUN INÚ ILÉ. Ife omi méjì, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, èkejì fún pípo ọ̀dà, àwo funfun kan, àkísà mímọ́, pẹ́ńsù àti ìréṣà. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì dúró lórí irun rẹ̀ nínú omi, yóò tẹ̀.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn òbí kan ń ra páálí aláwọ̀ mẹ́rìnlélógún tí owó rẹ̀ kéré, wọ́n á sì fún ọmọ ní ìwé kọ́pì láti fi ṣe é. Ọ̀dà á ṣàn kọjá ìlà, ìwé á ya, ọmọ á sì gbà pé Ọlọ́hun kò fún òun ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ni kò dára. Ọmọ kò ní àbùkù. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó bá wọ ọkàn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í tètè jáde. Owó páálí ńlá yẹn lè ra àwọ̀ mẹ́ta gidi àti ìwé díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń kún. Bí ọwọ́ ọmọ bá ti rọ̀, kí a fi àwọ̀ mìíràn kún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́
1. Kí ni ó pa tàdáwà àtijọ́ àti ọ̀dà olómi pọ̀?
2. Báwo ni a ṣe ń dá ojúlówó ọ̀dà olómi mọ̀?
3. Àwọ̀ méjì wo ni ó ń di àwọ̀ ewé?
4. Kí ló dé tí a fi ní kí owó kọ́kọ́ lọ sí ìwé?

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní kẹ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmín.