Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀ Tí Kò Gbọ́ Agbo

Bí ojú ẹnì kan bá pọ́n nílé, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ki, tó dúdú, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ la máa ń pè é. A ó ra agbo lọ́wọ́ ìyá alágbo, a ó tún fi oògùn ibà láti kẹ́míìsì lé e. Ìwé pẹlẹbẹ yìí wà fún ẹ̀yin ará ilé, láti Lekki dé Ajah, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó, tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí tí ojú náà ò sì mọ́.

Ojú tó pọ́n báyìí lè jẹ́ àmì àìsàn ẹ̀dọ̀. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá ní kò sí B, kò sí C, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń bá ẹ̀dọ̀ jà. Dókítà Jan Waldenström ará Sweden ṣàlàyé rẹ̀ ní 1950, lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Títí dòní, ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í ràn: ẹ jọ jẹun, ẹ jọ sùn.

Ẹ wo ẹ́sítéètì tí ẹ ń gbé. Máígàádì kan fura sí ẹnì kan ní géètì, ó sọ̀rọ̀ sínú wọkí-tọkí, àwọn yòókù sáré dé. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara wa náà ní ohun tó fi ń ránṣẹ́: àwọn pròtéènì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sáítókáìnì. Interferon-gamma àti TNF wà lára àwọn tó ń ké sí ogun. Interleukin-10 wà lára àwọn tó ń ní ó tó. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀jẹ̀ funfun ka onílé sí olè, ìpè ogun ò dáwọ́ dúró, ohùn alárinà ò sì lágbára tó. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé interferon-gamma tún ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ túbọ̀ hàn sí àwọn tó ń pa á. Ìjà ń bí ìjà, ọgbẹ́ ń di àpá, ẹ̀dọ̀ ń le. Àwọn kan ò ní mọ̀ ọ́n lára títí yóò fi le.

Agbo kì í dá ìpè yẹn dúró. Àwọn egbòogi kan tiẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sí i.

Àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò, oríkèé ríro, ara yíyún, nǹkan oṣù tó ṣàdédé dáwọ́ dúró: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LFT, IgG àti ANA. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu bíńtín lára ẹ̀dọ̀ láti wò ó. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà jìn, gòsìlò Lekki-Epe ò sì ṣeé fojú di, ṣùgbọ́n ẹ lọ.

Prednisolone ni wọ́n sábà fi ń pa ìpè náà lẹ́nu mọ́, azathioprine á sì tẹ̀ lé e. Ẹ má dá prednisolone rà fún ara yín bí àwọn kan ṣe ń rà á fún ara ríro: ó lè jí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tó ń sùn, ó sì ń gbé ṣúgà sókè. Ẹni tó ti ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ojú ti mọ́. Obìnrin tó fẹ́ lóyún, kó sọ fún dókítà ṣáájú.

Bí ikùn aláìsàn bá ń wú, tó ń sọ kántankàntan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kíliníìkì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ lóru.