Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: OBÌNRIN OKO NÍ ÌFỌ́N ÀTI ÌLOBÙÚ

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí a fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ ìgbésí ayé obìnrin oko wò. Òun kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni, òun ni ó sì ń bọ́ gbogbo wa. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa léèrè ni èyí: obìnrin tí ó ń sọ irè oko di oúnjẹ àti owó, kí ni ọwọ́ rẹ̀ dì mú nínú ilẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́?

I. Ibi tí ó ń gbé

Ìfọ́n àti Ìlobùú kò jìnnà sí Òṣogbo. Ìlobùú ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n sì ni ti Òròlú. Agbègbè yìí wà níbi tí igbó ti ń tán lọ, tí ilẹ̀ ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ a máa ṣe dáradára níbẹ̀; ọ̀pẹ wà, igi igbá tí a fi ń ṣe irú sì wà pẹ̀lú. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, irè oko rí ọ̀nà dé Èkó; ṣùgbọ́n láti inú oko dé ibi tí ọkọ̀ wà, orí àwọn obìnrin ni ó ń rù ú.

II. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀

Àṣà àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá ni pé ọkùnrin ni í roko, òun ni í sì í kọ ebè; obìnrin a máa kórè, a máa rù ú wálé, a máa sọ ọ́ di oúnjẹ, a sì máa tà á. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń wí pé obìnrin kì í ṣe àgbẹ̀, pé ó kàn ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀gẹ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ẹ̀gẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti hú u, ní ìwọ̀n ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Oró sì wà nínú rẹ̀, tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá bí a kò bá ṣe é bí ó ti yẹ. Obìnrin ni ó ń bó o, tí ó ń fọ̀ ọ́, tí ó ń rin ín, tàbí tí ó ń sanwó kí a fi ẹ̀rọ rin ín. Ó ń kó o sínú àpò, ó ń fi òkúta tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro jáde, ó sì ń jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, tí yóò sì jókòó ti agbada gbígbóná nínú èéfín títí gàrí yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ wọ̀nyí gan-an ni ó ń mú oró náà kúrò. Bí a bá mú ọwọ́ obìnrin kúrò, ohun tí ọkọ́ hú kò ní di oúnjẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Irú kò rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró igbá gba sísè fún ọ̀pọ̀ wákàtí. A ó fọ èèpo rẹ̀ kúrò, a ó tún un sè, a ó sì bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Igi ìdáná àti omi tí iṣẹ́ méjèèjì ń gbà, òun kan náà ni ó ń wá a, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

III. Ilẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ kíyèsí i pé ipò méjì ni obìnrin wà. Ní ilé bàbá rẹ̀, ọmọ ni. Àṣà Yorùbá sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ẹbí, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez. Ní ilé ọkọ rẹ̀, ọ̀ràn yàtọ̀. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìgbà náà wí pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀. Nítorí náà opó tí ó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ lóko ọkọ rẹ̀ a máa dúró níbẹ̀ nípasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí nípa ojú rere ẹbí. Bí kò bá bímọ ńkọ́? Ẹni tí a so pọ̀ lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ti ìjọba ní ìpín nínú ogún ọkọ rẹ̀. Kí ó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pamọ́ dáradára.

IV. Bí ìjà bá dé

Ní ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì àti ní Ẹrìn-Ọ̀ṣun. A kò ní í dá ẹjọ́ ààlà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹ̀gẹ́ tí a ti hú kò mọ̀ pé ìjà wà, ọjọ́ méjì náà ni yóò dúró. Ọ̀nà oko dí, ilé ẹ̀rọ tì, ọjà kò ná. Obìnrin tí a bí ní ìlú kan, tí ó sì lọ́kọ ní ìkejì, níbo ni kí ó sá sí? Ẹni tí a kì í pè sí ìpàdé ààlà ni ẹrù ìjà ààlà ń wọ̀ lọ́rùn.

Ǹjẹ́ kí ni a lè ṣe? Kí baálé ilé fi ibi tí aya rẹ̀ ń ro hàn níwájú ẹbí nígbà tí ó wà láàyè. Kí ẹbí má ṣe gba ìpín ọmọbìnrin nítorí pé ó ti lọ́kọ. Kí a sì pe àwọn ìyá wa nígbà tí a bá ń jíròrò àlàáfíà, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ọ̀nà oko jù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èé ṣe tí a kò fi lè pe iṣẹ́ obìnrin oko ní ìrànlọ́wọ́ lásán?
2. Ẹ̀tọ́ wo ni obìnrin ní sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, báwo ni ó sì ti rí ní ilé ọkọ?
3. Opó mélòó ni ó wà ládùúgbò yín tí kò mọ ibi tí yóò ro ní ọdún tí ń bọ̀?