Àrokò Tí Kì Í Dákẹ́ Nínú Ìfun

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní Èrúwà tàbí ní Igbó-Ọrà, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn nípa ìlera ìgbèríko láti 1963, kòkòrò inú omi àti oúnjẹ àìmọ́ ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jọ ọ́, tí oògùn kòkòrò nìkan kì í wò sàn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àrokò wọ̀nyí ni TNF: ó ń pe ogun nígbà tí ọ̀tá bá dé, ó sì yẹ kí ó dákẹ́ nígbà tí ọ̀tá bá lọ. Nínú àrùn tí Burrill Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàpèjúwe ní New York ní 1932, kì í dákẹ́; àwọn ẹ̀ṣọ́ a sì máa ba ìfun tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́. Oògùn infliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, a máa dá TNF dúró lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó lè jí ikọ́ ife tí ó sùn nínú ara. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò fún ikọ́ ife.

Ǹjẹ́ bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá padà lẹ́yìn ìtọ́jú, kí olùkọ́ má ṣe gba òbí nímọ̀ràn láti tún oògùn kan náà rà. Ilé ìwòsàn ni kí ó darí wọn sí.