Ìwé Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Rìnrìn Àjò

Láti Djègan-Kpèvi dé Èkó kò jìnnà. Àwọn èèyàn wa máa ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìwé?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàrin ọjọ́ 14. Èèyàn rẹpẹtẹ rù ẹrù gba Sèmè kọjá. Àwọn ará Ghana há sí Kùtọnu, torí ẹnubodè iwájú wà ní títì.

Àdéhùn CEDEAO ọdún 1979 fún wa ní ọjọ́ 90 láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà bá wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kó lọ gba àṣẹ. Ọ̀gá tó mọ̀ pé ẹ ò níwèé lè jẹ owó oṣù yín. Ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹ fẹjọ́ sùn.

Ìbéèrè
1. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún àwọn àjèjì?
2. Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín?