Etí Ni Kí Ẹ Fi Ra Sípíkà

Kọ̀ǹpútà ti wọ inú ilé wa. Ọmọ ń fi í kẹ́kọ̀ọ́, ìyá ń fi í gbọ́ ìwàásù, bàbá ń fi í gbọ́ ìròyìn, gbogbo ilé sì ń fi í wo fíìmù lálẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde lára kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í sábà tẹ́ etí lọ́rùn. Sípíkà tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ kéré jù, àyè kò sì gbà á láti ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò tilẹ̀ ní sípíkà rárá.

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ra sípíkà tí yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, síbẹ̀ tó fẹ́ kí orin dùn kí ọ̀rọ̀ sì já gaara. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Owó díẹ̀ lè ra ohùn gidi, owó ńlá sì lè ra ariwo. Ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ ni ọjà ń jẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó sanwó kì í sábà kábàámọ̀.

Ohun tó wà nínú sípíkà

Tí a bá yọ aṣọ tàbí irin oníhò tó bo ojú sípíkà, a ó rí awọ róbótó kan tó wọnú díẹ̀ ní àárín. Bébà líle ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, tàbí ike. Wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ká róbótó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awọ náà, òòfà sì wà yí wáyà náà ká. Bí iná orin bá ti ń gba inú wáyà yìí kọjá, òòfà á máa fà á, á tún máa tì í, awọ iwájú á sì máa lọ máa bọ̀. Lílọ bíbọ̀ yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ wá bá wa létí. Bí awọ ìlù ṣe ń gbọ̀n nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á náà ni. Iná ni kọ̀ǹgọ́ ti sípíkà.

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Electric, ló gbé irú sípíkà yìí jáde fáyé rí ní 1925. Títí di òní, èyí tí wọ́n ń tà ní òpópónà Ọ̀tígbá ní Ìkẹjà, ní Alábà tàbí ní Queen Cinema n'Íbàdàn, ọgbọ́n kan náà ló ń lò. Ohun tó mú ọ̀kan dára ju èkejì lọ ni bí awọ rẹ̀ ṣe tóbi tó, bí òòfà rẹ̀ ṣe lágbára tó, àti irú àpótí tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí.

Etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí dé èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000. Ohùn tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni ohùn wúwo, tí àwọn olórin ń pè ní béèsì. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni béèsì ń fẹ́, awọ ńlá ló sì lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Sípíkà tí awọ rẹ̀ kò ju ínǹsì méjì lọ ti máa ń rẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ dé ìgbà 100. Bí òǹtajà bá wá gbé sípíkà tó wọ àtẹ́lẹwọ́ dání, tó ní béèsì rẹ̀ tó ti òde àríyá, ẹ kí i kí ẹ máa lọ.

Nọ́ńbà orí páálí

Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ olùrà jẹ jù. Ẹ ó rí i gàdàgbà lára páálí: 1,000 wáàtì, 3,000 wáàtì, 5,000 wáàtì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́rin kéékèèké: PMPO. Wáàtì PMPO kò ní òṣùwọ̀n kankan tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ fẹnu kò lé lórí, nítorí náà iye tó bá wu ẹni tó tẹ páálí ló lè kọ. Lẹ́tà tó yẹ kí ẹ wá ni RMS. Wáàtì RMS ni agbára tí sípíkà lè máa lò lọ láìsinmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí RMS lára páálí rárá, ìdáhùn nìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan yẹ̀ ẹ́ wò. Sípíkà mìíràn wà tí kì í lo iná ògiri. Ihò USB kọ̀ǹpútà ló ti ń mu iná. Ihò USB 2.0, tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, ń gbé fóólútì 5 jáde, iná tó sì yẹ kó fúnni kò ju ìdajì áńpíà lọ. Bí a bá fi 5 ṣe ìsọdipúpọ̀ ìdajì, 2.5 la ó rí. Wáàtì méjì ààbọ̀ péré ló ń wọ inú sípíkà náà. Níbo ni yóò ti wá rí 1,000 tí yóò pọ̀ jáde? Ẹni tó bá lè ṣe ìṣirò yìí lọ́kàn nínú ọjà, kò sí páálí tó lè tàn án mọ́.

Ẹ wá fi sípíkà tí wọ́n kọ òótọ́ sí lára wé e. Edifier R1280T jẹ́ àpótí igi méjì tí awọ béèsì rẹ̀ jẹ́ ínǹsì 4. Àpapọ̀ agbára rẹ̀ jẹ́ 42 wáàtì RMS. Logitech Z313, tó ní sípíkà kékeré méjì àti wúfà kan, jẹ́ 25 wáàtì RMS. Nọ́ńbà wọn kéré lójú ẹni tó ti ka 5,000 wáàtì lára páálí alátẹ, ṣùgbọ́n nínú yàrá, tí ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, 10 wáàtì tòótọ́ ti tó láti jí ará ilé kejì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára wáàtì ní láti di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ má tìtorí àtikúrò ní 20 wáàtì bọ́ sí 25 san owó kún owó. Etí yín kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀.

Àpótí méjì tàbí mẹ́ta?

Èyí tí wọ́n kọ 2.0 sí lára jẹ́ àpótí méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Èyí tí wọ́n kọ 2.1 sí ní àpótí kẹta, ìyẹn wúfà, tó ń gbé béèsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé mẹ́ta gbọ́dọ̀ dára ju méjì lọ. Nígbà tí owó kò bá pọ̀, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye kan náà tí wọn ì bá fi ṣe àpótí méjì tó dára ni wọ́n pín sí mẹ́ta. Awọ tí wọ́n á fi sínú àwọn kékeré méjèèjì á ṣàìtó nǹkan, wúfà náà á sì máa dún gbìm, gbìm, lórí ohùn kan ṣoṣo, orin yòówù kó máa lọ. Ohùn ẹni tó ń kọrin á wá rì sínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé fíìmù tí ìbọn ń dún nínú rẹ̀ ló ń wò jù, tó sì fẹ́ kí ilẹ̀ máa mì, kó ra 2.1. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin, ìròyìn, ẹ̀kọ́ àti ìwàásù, kó ra 2.0 tó dára.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iná ń hàn léèmọ̀, irú èyí tó ń mu iná láti ihò USB, bíi Creative Pebble, bójú mu. Béèsì rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń já gaara lára rẹ̀, bí iná bá sì lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ni yóò máa gbé e.

Ẹ má tìtorí Bluetooth nìkan ra sípíkà. Wáyà ni mo fara mọ́. Ohùn tó ń gba Bluetooth máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ẹ lè wá máa rí i pé ẹnu òṣèré ti pa dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde. Ihò aláwọ̀ ewé ni kí ẹ ki wáyà náà bọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ gbé orin yín dání, èyí tí ẹ ti gbọ́ títí tí ẹ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Orin tí òǹtajà máa ń fi dán sípíkà wò, ó ti yàn án nítorí pé béèsì rẹ̀ ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òǹtajà àti olùrà ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

"Màmá, tuntun ni, kò ní wàhálà kankan. Ẹ ò rí i, 3,000 wáàtì!"

"Mo rí i, ọmọ mi. Bá mi fi orin tèmi sí i."

"Màmá, orin tó wà níbí yìí dùn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù."

"Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ni etí mi mọ̀. Bá mi fi í sí i, jọ̀ọ́."

Òǹtajà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀, ìsọ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá tẹ́tí sí? Ìlù dùndún jẹ́ ìdánwò tó le fún sípíkà. Ìyáàlù ní ṣaworo wẹ́wẹ́ tí wọ́n so yí ojú rẹ̀ ká. Lára sípíkà tó dára, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ, ẹ ó sì gbọ́ ṣaworo náà lọ́tọ̀, tó ń dún ṣín-ín-ṣín-ín lókè rẹ̀. Gúdúgúdú náà á dá dúró láàyè tirẹ̀. Lára sípíkà tí kò dára, ṣaworo á dàbí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, tàbí kí ẹ má gbọ́ ọ rárá, ìyáàlù á sì di ariwo tí kò sọ ohun kan. Tó bá jẹ́ orin àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá lẹ fẹ́ràn, ẹ tẹ́tí sí agídìgbo tó wà nísàlẹ̀: ṣé ẹ lè ka bí wọ́n ṣe ń ta á lọ́kọ̀ọ̀kan, àbí ó kàn ń kùn? Ẹ rántí pé orin tí wọ́n fún pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń gbé e sórí fóònù lè ba ohùn jẹ́ lára sípíkà tó dára pàápàá, nítorí náà èyí tó mọ́ jù lọ́wọ́ yín ni kí ẹ gbé lọ.

Ẹ yí ohùn náà sílẹ̀ gan-an. Bí ọ̀rọ̀ olórin bá ṣì já gaara, ó dára. Ẹ wá yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Bí bọ́tìnì náà bá ń ha kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ bí ẹ ti ń yí i, kì í ṣe tuntun, tàbí kí ó jẹ́ gbàrọgùdù. Ẹ dá orin dúró, ẹ yí i dé òkè pátápátá, kí ẹ sún etí mọ́ àpótí méjèèjì: ó yẹ kí ohùn ṣìì tí ẹ máa gbọ́ má ju díẹ̀ lọ. Ẹ yí i padà sísàlẹ̀ kí orin tó tún bẹ̀rẹ̀ o. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eegun ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí. Tó bá ń dún gbàǹgbà, ike rẹ̀ fẹ́lẹ́, yóò sì máa kọ orin tirẹ̀ mọ́ orin yín. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò pẹ̀lú. Igi àti òòfà gidi máa ń wúwo.

Tòkunbọ̀ àti ọ̀rọ̀ iná

Sípíkà tòkunbọ̀ lè jẹ́ ọjà gidi, nítorí pé ohun tí kò ṣeé rà ní tuntun lè ṣeé rà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo etí awọ rẹ̀ yíká. Bó bá jẹ́ fóòmù ni wọ́n fi so ó, fóòmù máa ń jẹrà bó bá ti gbó, ẹ ó rí i tó ń já sílẹ̀ ní lẹ́búlẹ́bú. Rọ́bà ń pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi sí iná. Iná Nàìjíríà jẹ́ fóólútì 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Sípíkà tó wá láti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 120 nìkan sí lára yóò jó ní kété tí ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ògiri. Èyí tí wọ́n kọ 100 sí 240 sí lára kò ní ìṣòro. Bí sípíkà yín bá sì ń kùn hùù nígbà tí ẹ bá ń lo ìńfátà, tí kì í kùn lórí iná ìjọba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná ìńfátà náà ni kò mọ́. Ẹ má tíì dá sípíkà lẹ́bi.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé àpótí kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, kí àárín wọn tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí yín. Ẹ dojú wọn kọ ara yín, kí awọ kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín wà ní déédéé etí. Bí tábìlì bá rẹlẹ̀, ẹ fi ìwé tẹ́ abẹ́ iwájú wọn kí wọ́n gbójú sókè. Ẹ má gbé wọn sí igun ògiri, nítorí igun máa ń mú kí béèsì wú kọjá ààlà. Bí ẹ bá sì fi fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn, tábìlì kò ní máa bá wọn gbọ̀n.

Bí ẹ bá ti ní sípíkà nílé tí ohùn rẹ̀ kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ sún un kúrò ní igun lónìí, kí ẹ gbé e dé déédéé etí, kí ẹ tún un gbọ́, kí ẹ tó kó owó lọ sọ́jà.