Ẹ Jẹ́ Kí Igi Gbẹ

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ níbí ní Alesa, lẹ́bàá Port Harcourt, lápá ibi tí rífáínárì wà, pé kí n wá wo àga mẹ́fà àti tábìlì kan. Ọ̀dọ́ káfíńtà kan ló ṣe wọ́n, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì fi ṣe wọ́n tán. Nígbà tó kó wọn dé, gbogbo àdúgbò ló ń kan sáárá sí i pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Àwòrán àga igi óákù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fún un, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ogun Hitler: ẹsẹ̀ gìdìgbà, igi tó nípọn, oríkèé tó hàn gbangba, kò sí fọmíkà, kò sí ọ̀dà tó ń kọ mànà. Mo wo iṣẹ́ náà, ìwọ̀n rẹ̀ pé, ojú ọmọ náà ríran. Ṣùgbọ́n ìrókò tútù ló lò. Wọ́n gbé e sí pálọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, orí tábìlì là, ẹsẹ̀ àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú ihò. Kí ló wá ṣe? Ó po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gúlùù, ó fi dí i. Wọ́n tún yìn ín fún ìyẹn pẹ̀lú!

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń dá ihò, tàbí bí a ṣe ń gé ahọ́n igi tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹ ti gba fìrídọ̀mù. Igi gbígbẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ ó sì gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín.

Irú àga ilẹ̀ Faransé yìí kò fi nǹkan kan pamọ́. Robert Guillerme àti Jacques Chambron, tí wọ́n pàdé ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Jámánì, dá ilé-iṣẹ́ àga Votre Maison sílẹ̀ nílùú Lille, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1949. Óákù gidi ni wọ́n ń fi ṣe àga wọn, ẹ ó sì rí ibi tí igi ti bá igi pàdé. Àwọn kan tó ń kọ́lé láyé ìgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńkéré, wọn kì í rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti dé Yunifásítì Ifẹ̀ ti rí irú rẹ̀. Ohun tí a kò bò gbọ́dọ̀ dára láti inú wá. Bí o bá fi páákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tí o kùn ún ní ọ̀dà, ó lè bò ọ́ láṣìírí fúngbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ àga ínṣì mẹ́rin kò mọ àṣírí í bò.

Ẹ mọ̀ pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn. Ìbú rẹ̀ ló ń súnkì, ìbú náà kò sì rí bákan náà káàkiri: páákó tí òrùka inú igi dùbúlẹ̀ gbalaja lójú rẹ̀ yóò súnkì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí òrùka rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìrókò ṣe jẹ́jẹ́ ju ọ̀pọ̀ igi lọ, igi apá náà sì ṣe jẹ́jẹ́. Bí ìrókò bá wá là mọ́ ẹ lọ́wọ́, ẹ̀bi ta ni?

Ibi tí a wà yìí tún wá le. Òjò Port Harcourt ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún. Afẹ́fẹ́ wa fúnra rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, nítorí náà páákó tó ti gbẹ débi tí Alesa lè gbẹ ẹ dé ṣì lómi nínú ju èyí tí pálọ̀ ẹlẹ́rọ amúlétutù máa fi sílẹ̀ fún un lọ. Ẹ ò lè ra páákó ní ọjà páákó Iloabuchi láàárọ̀ kí ẹ gé e nírọ̀lẹ́. Ẹ kó o sórí búlọ́ọ̀kù kó má kan ilẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gbígbẹ tí ìnípọn wọn dọ́gba há àárín páákó kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá òkè sì dúró ṣánṣán lórí ti ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, páákó yóò wọ́. Páànù lókè, ẹ̀gbẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà àjẹkù kun orí àti ìdí páákó, torí ibẹ̀ ni omi ti ń tètè jáde, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́kọ́ là. (Èéfín dúdú tó ń bà sórí gbogbo nǹkan wa láti 2016 yóò bà sórí igi náà. Ẹ nù ún, kì í ṣe òun ló ń ba igi jẹ́.)

Ọ̀gá mi ní Òkè-Adó, n'Ìbàdàn, máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ oṣù àti ọdún sára páákó. Ínṣì kan, ọdún kan. Ínṣì méjì, ọdún méjì. Yóò gbé páákó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: bó bá tutù, ó dá a padà sórí òkìtì. Olóyè kan kó owó wá nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ọ̀gá ní igi òun kò tíì tó. Olóyè bínú lọ, ọ̀gá sì jókòó, ó ń fọ́ obì jẹ.

Ọmọ iṣẹ́ kan tó dàgbà jù wá lọ jí páákó gbígbẹ tà, ó fi tútù dípò, ó sì kọ ṣọ́ọ̀kì èké sí i lára. Ọ̀gá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó dúró. Kò nà án. Ó ní kó fi páákó tútù yẹn ṣe àpótí ìjókòó, orí rẹ̀ ni yóò sì ti máa jẹun. Kí ọdún tó yí po, àpótí náà ń ké fíín-fíín débi pé a máa ń mọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pé ẹ̀gbọ́n ti jókòó. Ẹ̀rín pa wá títí. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ dà lónìí? Oníbàárà ló ń dá ọjọ́ fún yín báyìí.

Ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó gé ègé kan láti àárín páákó, kì í ṣe láti orí, kó fi ọ̀dà kun orí àti ìdí ègé náà kó má baà gbẹ ṣáájú páákó, kó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e sórí òkìtì, kó sì máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ 500 gíráàmù lónìí, tó sì di 490 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ kan igi náà. Ìgbà tí òǹkà kò bá yí mọ́ ló tó gbẹ bí Alesa ṣe lè gbẹ ẹ. Ẹ wá gbé e wọ yàrá ẹlẹ́rọ amúlétutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó dá ihò kankan. Èèkàn onígi tí ẹ ó gbá wọ oríkèé ló yẹ kó gbẹ ju gbogbo wọn lọ. Ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n, ẹ jẹ́ kó fi ìwọ̀n ìnípọn káàdì sún mọ́ èjìká ahọ́n ju ihò èèkàn tó wà lára ẹsẹ̀ àga lọ, kí èèkàn lè máa fa oríkèé pọ̀ bó ṣe ń wọlé. Kò ní bẹ gúlùù lọ́wẹ̀.

Ẹ sọ fún oníbàárà kó tó san kọ́bọ̀ pé àga yìí yóò pẹ́. Bó bá ní òun kò lè dúró, ẹ fi páákó MDF ṣe tirẹ̀, kó máa lọ ní àlàáfíà. Bí ẹ kò bá sì ní àyè tí ẹ ó kó páákó sí, páànù wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ kó o wá, kí kálukú kọ orúkọ àti oṣù sára tirẹ̀. Èmi kì í gba owó àyè, ṣùgbọ́n mò ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan án.