Nígbà tí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa Kọ̀ tí Kò Tàn

 

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ká máa pe kọ̀ǹpútà. Orúkọ yẹn dára, ṣùgbọ́n ti ilé wa ní Minna ò yára bí àṣá rárá. Bí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè lọ fọ abọ́ kí ẹ padà wá bá a níbi tó ti ń ronú. Ó dàgbà ju àbúrò mi lọ. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni màmá mi ń kọ owó àjọ sí. Ìyá méjìdínlógún ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ wọn, oṣù Kejìlá ni wọ́n sì máa ń pín in. Àkọsílẹ̀ náà kò sí níbòmíràn.

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n pín owó, màmá mi tẹ kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó jáde. Iná kékeré iwájú rẹ̀ tàn o, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ojú monitor ṣókùnkùn biribiri. Ó wá ń ké: pí, pí, pí, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi bi mí pé, "Kí lo ṣe sí i?" Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án, mà."

Irọ́ ni. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ọjà. Wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n ní motherboard ti kú, pé àwọn á san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà káwọn lè yọ nǹkan inú rẹ̀ lò. Màmá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká gbé e padà sílé, káwọn kọ́kọ́ pe àbúrò àwọn tó wà ní Ìlọrin. Bọ̀dá yìí ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Bọ̀dá ò tiẹ̀ dárúkọ screwdriver. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i kẹ́yìn kó tó kọ̀?" Màmá mi ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Mo gbà á, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé.

Mo ní, "Bọ̀dá, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi." Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Mo fẹ́ ki wáyà spíkà bọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n lè gbọ́ orin géèmù, mo fà á, ó bá ṣubú láti orí àpótí sílẹ̀. Mo gbé e padà, mo nù ún, mo lọ sùn.

Bọ̀dá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ká ní o ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ ò bá má rù ú dé ọjà. Ohun tó bá ṣubú, nǹkan tó lè yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò."

Ohun tí wọ́n kọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nílé.

Wọ́n ní kí n máa wo ibi tí iná bá a dé. Bí kò bá sí iná lára rẹ̀, tí fáànù ò yí, tí kò dún rárá, a jẹ́ pé iná ò tíì wọlé. Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo stabilizer. Ẹ yọ wáyà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tún un kì dáadáa. Súwíìsì kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn níbi tí wáyà yẹn ti wọlé, wọ́n kọ I àti O sí i: I ni kó wà. Àwọn tó ti pẹ́ tún ní súwíìsì pupa tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 230 ni. Ẹni tó bá tì í sí 115 tó sì tan iná, gbàù ló máa gbọ́! Bí gbogbo èyí bá pé tí kò sì tàn, ó lè jẹ́ power supply ló bàjẹ́, ìyẹn àpótí irin tí wáyà wọ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. A kì í tú àpótí yẹn, torí iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà, ó sì lè gbé èèyàn.

Bí lẹ́tà bá jáde lójú monitor pé òun ò rí boot device, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá flash ẹnì kan wà lára rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ inú flash orin ló ti ń wá Windows. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo wáyà hard disk. Ṣùgbọ́n bí hard disk bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ẹ pa á kíá, ẹ má tàn án mọ́, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bàa ṣègbé.

Tiwa wà láàárín méjèèjì: iná ti wọlé, ojú dúdú, ó ń ké. Mo wo wáyà monitor, kò yọ. Bọ̀dá ní igbe yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń yẹ ara rẹ̀ wò kó tó la ojú. Bí kò bá rí nǹkan kan tó nílò, tí kò sì lè kọ ọ́ sójú monitor, á ké. Ìtumọ̀ igbe náà yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, igbe tó ń tún ara rẹ̀ ké sábà máa ń jẹ́ ti RAM. "Motherboard tó bá kú pátápátá, níbo ló ti máa rí ẹnu ké?" Bọ̀dá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún sọ ohun tó mú ọkàn màmá mi balẹ̀. Inú hard disk ni àkọsílẹ̀ àjọ wà. Ká tiẹ̀ ní motherboard kú, a lè yọ hard disk, ká so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ká sì rí gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tá à bá tà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún!

Mo pa iná, mo yọ wáyà kúrò lára ògiri, mo tú nọ́ọ̀tì méjì ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ha! Èèyàn lè gbin ẹ̀pà sínú eruku tó wà níbẹ̀. Òkú aáyán méjì wà lábẹ́ fáànù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi gbọn ọ́n, wọ́n ní kí n má fi aṣọ tútù kàn án. Wọ́n tún ní kí n fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí n tó kan RAM. Ṣé ẹ rántí bí súwẹ́tà ṣe máa ń ta páràpárà ní hostel nígbà ọyẹ́, tí a bá ń bọ́ ọ nínú òkùnkùn? Irú iná bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè pa wá, ṣùgbọ́n ó lè ba RAM jẹ́.

RAM jẹ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́. Méjì ló wà nínú tiwa, ọ̀kan sì ti gbé èjìká kan sókè. Mo yọ méjèèjì. Mo fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ra ibi aláwọ̀ wúrà wọn díẹ̀díẹ̀, mo gbọn ìdọ̀tí rọ́bà náà dànù. Ojú kékeré kan wà nísàlẹ̀ RAM tí kò sí láàárín gan-an, kó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa gbà wọlé. Bó bá kọ̀, ẹ yí i padà, ẹ má fagídí tì í. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún ká níhìn-ín, ká lọ́hùn-ún.

Màmá mi ló tẹ bọ́tìnnì. Ó ké pí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú sì là.

Kò tíì tán o. Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009 la wà, ká tẹ F1. Màmá mi pariwo pé owó àjọ ti pòórá. Kò pòórá. Bátìrì róbótó kan wà lára motherboard, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti aago nígbà tí kò sí iná. Tiwa ti kú. Mo ra òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, mo pa iná, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo fi ojú tó ní àmì + sókè, mo sì tún ọjọ́ ṣe. Ìyá méjìdínlógún, gbogbo orúkọ wọn pé.

Màmá mi ò nà mí. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ láti ojú fèrèsé kíṣìnnì. Wọ́n kàn ní, "Àti àná lo ti mọ̀." Ó dùn mí ju ẹgba lọ. Wọ́n wá gbé ìwé ńlá kan fún mi, pé kí n fi bírò da gbogbo orúkọ àti owó inú kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀, láti oṣù Kìíní dé Kejìlá. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni mo fi kọ ọ́, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín àjọ, iná ò sí rárá. Ìwé náà ni wọ́n ṣí.